Ọjọ́ Tí Bupe Rọbí Láì Ké

Ká má tan ara wa, Kasonde ò mọ irọ́ pa. Bó bá fẹ́ pa á, etí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbóná, á wá máa fọwọ́ ra imú, ẹni tó fẹ́ tàn jẹ sì ti mọ̀ kó tó lanu. Bóyá ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ títúnṣe fi bá a lára mu, torí kẹ̀kẹ́ kì í bi èèyàn ní ìbéèrè. Irú ọkùnrin yìí ló wá lọ purọ́ fún Ìyá Malama, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, obìnrin tó jẹ́ pé gbogbo ìyàwó àdúgbò wa ní ìlú Kasama ló gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá kí wọ́n tó wọlé ọkọ. Òun ló ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbélé ọkọ, òun náà ló ń jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé irú ẹni tí èèyàn ń purọ́ fún nìyẹn?

Ṣùgbọ́n kí ni kó ṣe? Ọjọ́ méjì gbáko ni Bupe, ìyàwó rẹ̀, fi rọbí Ngosa, àkọ́bí wọn. Obìnrin náà ké títí ohùn fi tán lọ́fun rẹ̀, nígbà tí ọmọ sì dé tán, kò lágbára láti gbé e. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan tí àwọn méjèèjì jọ ń bó ẹ̀pà, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé òun fẹ́ ọmọ sí i, bó bá tó mẹ́ta pàápàá òun fẹ́, ṣùgbọ́n òun ò tún ní kú irú ikú yẹn mọ́. Kasonde kàn ń bó ẹ̀pà lọ, ó ń sọ èèpo sínú abọ́, ó ń da ẹ̀pà sílẹ̀.

Nígbà tí oyún kejì wá pé oṣù mẹ́fà ni Dókítà Nkandu dé sí ilé ìwòsàn wa. Obìnrin kúkúrú kan tó máa ń kọrin sínú ni, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì ju kó pa ìrora lọ. Ó pe àwọn aboyún jọ, ó ní abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń gún sí ẹ̀yìn, lápá ìsàlẹ̀ níbi tí ìró ń mú, tí wọ́n á ti rọ́bà tín-ínrín gba ojú rẹ̀ wọlé, tí oògùn á máa gba inú rọ́bà náà lọ díẹ̀díẹ̀. Obìnrin ò ní sùn, ojú rẹ̀ á là kedere, á mọ gbogbo ohun tó ń lọ, ìrora nìkan ló máa bá tirẹ̀ lọ. Bupe fijó wọlé lọ́jọ́ náà. Ó ní bí Kasonde bá lè jẹ́ kí òun gba abẹ́rẹ́ ọ̀hún, òun ti dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jì í, títí kan èyí tí kò tíì dá. Kasonde gbà lójú ẹsẹ̀. Ta ni ò ní gbà?

Kò pẹ́ tí fìnrìnfìnrìn fi dé etí Ìyá Malama. Ó ránṣẹ́ pe Kasonde, ó mú un jókòó ti iná èédú, ó ní wọ́n ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ń sọ obìnrin di arọ, bí kò bá tilẹ̀ sọ ọ́ di arọ, obìnrin tí kò jẹ ìrora ọmọ kò lè mọ adùn ọmọ. Ó ní kó ṣèlérí fún òun pé ẹnikẹ́ni ò ní gún Bupe lẹ́yìn. Kasonde ní òun ti gbọ́, ẹnì kankan ò ní gún un. Etí rẹ̀ gbóná bí ìgbà tí wọ́n fi ata ra á, ṣùgbọ́n Ìyá Malama rò pé iná èédú ni. Kasonde wá sáré yí ọ̀rọ̀ padà, ó ní Bàbá Sampa tó ń ta ẹja gbígbẹ gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá láàárọ̀ yẹn, ó sì ní kí òun kí i. Kò sí ìgbà tí bàbá náà gbé kẹ̀kẹ́ wá tí kì í bèèrè pé Ìyá Malama ńkọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìgbà tí Kasonde jíṣẹ́ ìkíni yìí tí Ìyá Malama kì í rán an lọ pọnmi. Ọjọ́ yẹn náà, omi ló rán an.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹfà, nígbà tí òtútù ń mú débi pé adìyẹ ò fẹ́ jáde, ni ìrọbí mú Bupe. Wọ́n gbé korobá, ọṣẹ, òwú àti ìró mẹ́ta, ó di ilé ìwòsàn. Àwọn ẹbí kì í wọlé, torí náà Ìyá Malama tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò tó dojú kọ fèrèsé yàrá ìrọbí, láàárín àwọn obìnrin tó ń dúró de tiwọn. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé etí ni obìnrin yìí fi ń gbẹ̀bí. Bí aboyún bá ń kérora nínú ilé, á jókòó síta, á ní, ó ku wákàtí mẹ́ta, ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ó mọ igbe ìbẹ̀rẹ̀, ó mọ igbe àárín, ó mọ èyí tí wọ́n ń ké bí orí ọmọ bá ti fẹ́ yọ. Bupe kérora lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ yẹn. Ìyá Malama mi orí, ó ní ọ̀nà dára, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀dùnkún sísè tó dì dání.

Nọ́ọ̀sì yọjú, ó pe Kasonde pé kó wá fọwọ́ síwèé kan. Nínú ilé, Dókítà Nkandu ṣàlàyé ohun gbogbo fún tọkọtaya náà, àti rere rẹ̀ àti wàhálà tó lè bá a rìn: orí lè máa fọ́ obìnrin lẹ́yìn ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ á wúwo fún wákàtí mélòó kan, wọ́n á sì máa wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ látìgbàdégbà. Bupe fọwọ́ sí i. Ó ní kí ọkọ òun náà fọwọ́ sí i, kó má baà sọ lọ́la pé òun ò sí ńbẹ̀. Wọ́n mú un jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní kó tẹ̀ba, kó yọ ẹ̀yìn síta bí ẹni tó ń gbin ẹ̀pà, kó sì di èjìká ọkọ rẹ̀ mú. Ibi tí abẹ́rẹ́ ti ń wọlé lọ́wọ́ ni ìrora ti dé. Dókítà ní kó má mira. Kò mira rárá, èjìká Kasonde ló jẹ gbogbo ìyà yẹn. Dókítà ń kọrin sínú, ó ti rọ́bà wọlé, ó fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí Bupe tó gbé orí sókè wo ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ngosa," ó ní, "ṣé àlùbọ́sà lo jẹ láàárọ̀ yìí?"

Kasonde ní bẹ́ẹ̀ ni. Bupe ní ó ń rùn. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà sì bú sẹ́kún ayọ̀ níbi tó dúró sí, ẹ má dá a lóhùn.

Nígbà tó padà sábẹ́ máńgòrò, Ìyá Malama ti gbé ọ̀dùnkún sílẹ̀. Ó ti na etí títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó bèèrè ohun tí wọ́n ṣe fún Bupe. Kasonde ní omi ni wọ́n fún un mu, ó fọwọ́ ra imú. Agogo mẹ́wàá lù, kò sí igbe. Mọ́kànlá lù, ẹ̀rín Bupe gba ojú fèrèsé jáde, ẹ̀rín gidi, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n sọ àwàdà fún. Jìnnìjìnnì bo Ìyá Malama. Ní gbogbo ọdún tó ti ń jókòó ti aboyún, ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ tó rẹ́rìn-ín lójú ìrọbí, ibà ló sì ti wọ ìyẹn lágbárí. Ó ní ọmọ ti dúró. Ó ní ìrora ti padà lẹ́yìn ìyá, ẹnì kan ti ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe.

Lọ́dọ̀ wa, bí ọmọ bá dúró lọ́nà, ẹnu la fi ń ṣí i. Ìyá ọmọ lè ti mọ ọkùnrin mìíràn, bàbá ọmọ sì lè ti mọ obìnrin mìíràn. Wọ́n gbọ́dọ̀ dárúkọ onítọ̀hún kí ọmọ tó lè ráyè kọjá. Ìyá Malama ò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ Bupe, ló bá kọjú sí Kasonde. Ó ní kó kúnlẹ̀ sórí ẹní. Àwọn obìnrin abẹ́ igi súnmọ́ wọn, ẹ sá mọ̀ pé ìjókòó lásán a máa súni.

"Dárúkọ ẹ̀," Ìyá Malama ní. "Ẹ̀mí méjì ló wà nínú ilé yẹn. Mi ò ní bínú sí ẹ. Ṣáà ti dárúkọ ẹ̀."

Kasonde wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ẹ̀rù ń ba màmá náà gidi, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Kò lè sọ ti abẹ́rẹ́, kò sì lè dákẹ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn. Ó ní adìyẹ pupa tí òun sọ lọ́dún tó kọjá pé àṣá gbé, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ló sun ún jẹ. Ìyá Malama ní adìyẹ kì í dí ọmọ lọ́nà. Ó ní ìró aláwọ̀ ewé tí Bupe ti ń wá látọjọ́ Àjíǹde, òun ló fi nu ọ̀rá ṣéènì kẹ̀kẹ́. Àwọn obìnrin náà hó, wọ́n ní ìyẹn tóbi o, ìyẹn fẹ́ẹ̀ẹ́ dí ọmọ lọ́nà. Ó ní ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì tí òun ní ibà ń ṣe òun, bọ́ọ̀lù lòun lọ wò. Ìyá Malama fọwọ́ lu ẹní.

"Obìnrin ni mo ní kó o dárúkọ, Kasonde. Mi ò bi ẹ́ nípa bọ́ọ̀lù."

"Dókítà Nkandu ni," Kasonde ní.

Àwọn obìnrin náà wojú ara wọn. Kasonde rí ohun tí wọ́n ń rò, ó sáré na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ gbọ́ mi yé, ẹ̀yin ìyá. Òun ló gún Bupe ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn. Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Mo purọ́ fún yín nídìí iná lọ́jọ́ yẹn, Màmá. Kò ké torí pé kò dùn ún ni."

Ìyá Malama tún ìró ró, ó kọjá lára rẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà yàrá ìrọbí lọ. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ dá a dúró rí ojú rẹ̀, ó yà fún un. Kasonde ń tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ọmọ ewúrẹ́.

Dókítà Nkandu ló mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ó lóṣòó, ó rọra pàtẹ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà lọ́dọ̀ wa, ó ní kí màmá wọlé wá fojú ara wọn rí ọmọ wọn. Bupe fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ó jókòó pẹ̀sẹ̀. Bó ṣe rí Ìyá Malama, ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. Ìyá Malama ò kí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ bá, ó já ọmọ-ìka rẹ̀ léèékánná. Bupe fa ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn díẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ẹ fọwọ́ kàn mí, Màmá," ó ní. "Ó wúwo ni, kò kú."

Màmá náà wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ikùn rẹ̀. Ikùn ọ̀hún ń le bọ̀, ó le, ó le títí ó fi dà bí òkúta. Ó mọ irú èyí. Èyí ni obìnrin fi ń gbá ògiri mú, òun ni wọ́n fi ń bú ọkọ, tí wọ́n fi ń bú ẹni tó bí ọkọ. Ó gbé ojú sókè. Bupe ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń dúró de èébú.

"Kò dùn ẹ́ báyìí?" Ìyá Malama bi í.

"Kí ni, Màmá?"

Màmá náà ò gbé ọwọ́ kúrò. Ó dúró de òmíràn, ó tún dúró de òmíràn. Dókítà ṣàlàyé fún un pé ẹsẹ̀ Bupe á padà sípò kí ilẹ̀ tó ṣú, pé kò sí ohun tó ṣe ọmọ, ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa. Ìyá Malama ń mi orí, ṣùgbọ́n ikùn yẹn nìkan ló ń wò.

Ọ̀sán pọ́n. Agbẹ̀bí yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọ̀nà ti ṣí tán, kí Bupe máa ti ọmọ. Ibẹ̀ ni wàhálà kékeré kan ti dé, torí Bupe ò mọ ìgbà tó yẹ kó tì. Oògùn tó kó ìrora lọ ló kó àmì rẹ̀ lọ pẹ̀lú. Ọwọ́ agbẹ̀bí sì wà nísàlẹ̀, níbi tí ọmọ fẹ́ gbà jáde. Dókítà Nkandu bá yíjú sí Ìyá Malama.

"Màmá, ọwọ́ yín ti mọ iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí wa," ó ní. "Ẹ bá wa sọ fún un."

Ẹ wá wo ìyá arúgbó! Ó ká apá aṣọ sókè, ó na ìka márààrún lé ikùn náà, ó pa ojú dé. Etí tó fi ń gbẹ̀bí látọjọ́ yìí ò wúlò fún un mọ́, ọwọ́ ló kù. "Ó ń bọ̀," ó ní. "Sinmi. Sinmi. Ó dé báyìí, tì í, ọmọ mi." Bupe tì. Wọ́n sinmi, wọ́n tún tì. Kasonde náà ń tì níbi tó dúró sí, títí nọ́ọ̀sì fi ní kó rọra, kó má ṣe ara rẹ̀ léṣe. Nígbà tó tì í lẹ́ẹ̀kẹsàn-án, ọmọbìnrin kan jáde, irun kún orí rẹ̀ dúdú, ó sì figbe ta. Látìgbà tí abẹ́rẹ́ ti wọlé, igbe kan ṣoṣo tí wọ́n gbọ́ nínú yàrá náà nìyẹn. Bupe gbé ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, apá rẹ̀ ò gbọ̀n. Ó ń bi í pé ṣé ìwọ lò ń ta mí nípàá látọjọ́ yìí. Inú Kasonde dùn débi tó fi bọ agbẹ̀bí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò sì mọ̀ pé ẹnì kan náà ni.

Ìyá Malama gba ọmọ, ó wò ó lójú, ó gbé e padà fún ìyá rẹ̀. "Ẹ kú ewu," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré. Ó jáde.

Abẹ́ máńgòrò ti gbọ́. Àwọn obìnrin ń kọrin, wọ́n ń jó, ẹni tí kò mọ Bupe rí pàápàá ń jó. Ọ̀kan nínú wọn ní orúkọ Dókítà ló ṣí ọ̀nà o, gbogbo wọn sì fẹ̀rín ya. Ìyá Malama ò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ sórí ẹní, níbi tí Kasonde kúnlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan, orin sì dá.

"Orúkọ kan wà lọ́rùn èmi náà," ó ní. "Nígbà tí mo ń rọbí Malama, ó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ní kí n dárúkọ. Mi ò mọ ọkùnrin kankan yàtọ̀ sí ọkọ mi. Mo sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò gbà. Ìrora yẹn tún dé. Mo bá dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Sampa, tó máa ń gbé ẹja kọjá. Kò fọwọ́ kàn mí rí. Malama jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ní ẹ ò rí i, orúkọ ló ṣí i. Wọ́n sì lé Sampa kúrò lábúlé." Ó nu ojú. "Mo wá rò pé bóyá irọ́ mi ló ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Látìgbà yẹn ni mo ti ń bi àwọn ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti lọ fún mọ́kànlélógójì."

Kasonde ló wá sọ̀rọ̀.

"Màmá, kẹ̀kẹ́ Bàbá Sampa wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní ọ̀sán yìí lòun ń bọ̀ wá gbé e."

Ìyá Malama dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó ní kó máa kálọ.

Ṣọ́ọ̀bù náà ò jìnnà sí géètì ilé ìwòsàn. Bàbá Sampa ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé fìlà lé orúnkún, apẹ̀rẹ̀ ẹja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dìde bó ṣe rí wọn. Ó ní òun gbọ́ pé Bupe ń rọbí, ṣé ó ti bí láyọ̀.

"Ó bí láyọ̀," Ìyá Malama ní. "Obìnrin ni. Kò dùn ún rárá."

Ló bá kúnlẹ̀ sórí erùpẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi bíńtín pamọ́. Ó ní irọ́ lòun pa mọ́ ọn, pé òun ti sọ ọ́ lójú àwọn obìnrin abẹ́ máńgòrò, òun á sì lọ sọ ọ́ lábúlé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Bàbá Sampa ń yí fìlà lọ́wọ́.

"Ó dùn ẹ́ gan-an nígbà yẹn?" ó bi í.

Ìyá Malama gbójú sókè. Ọmọ mẹ́jọ ló bí. Ẹnikẹ́ni ò bi í ní ìbéèrè yìí rí, yálà ọkọ rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ tàbí àwọn tó yí i ká lọ́jọ́ náà.

"Ó dùn mí, Sampa," ó ní. "Ó dùn mí."

"Mo mọ̀. Mo gbọ́ igbe ẹ létí odò. Mò ń gbàdúrà fún ẹ lọ́wọ́ ni wọ́n fi wá bá mi."

Ó fà á dìde, ó sún lórí bẹ́ǹṣì, ó gbá ibi tó ṣẹ́ kù kó lè jókòó. Ìyá Malama jókòó, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí bàbá náà wá wo ọmọ tuntun lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bàbá náà sì ní òun á mú ẹja tó sanra wá fún abiyamọ. Kasonde mú páńpù, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà tó ti kún látàná. Bàbá Sampa bi í pé ṣé táyà náà ò tíì kún ni. Ó ní ó ku díẹ̀. Etí rẹ̀ gbóná gan-an, ṣùgbọ́n àwọn àgbà méjèèjì ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.